Ìdí Ìbọn àti Ìtìsẹ́yìn Rẹ̀ ní Agbègbè Pobè àti Sakété

Ìtìsẹ́yìn ni agbára tí ìbọn fi ń ti ẹni tó yìn ín nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, nítorí pé bí ọta ṣe ń sáré jáde síwájú ni ìbọn fúnra rẹ̀ ń padà sẹ́yìn. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ tàbí tí ọta bá wúwo, ó le sí i, bí ìbọn bá wúwo, ó dín kù. Igi ìdí ìbọn, ìyẹn igi gbígbẹ́ tó gbé irin ìbọn dání, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń fara ti èjìká, ni agbára yìí ń gbà dé ara ènìyàn. Bí igi náà bá tẹ̀ wálẹ̀ jù, ẹnu ìbọn a fò sókè, ìdí rẹ̀ a sì gbá ọdẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́; bí ó bá tọ́ tí ìdí rẹ̀ sì fẹ̀, agbára náà a tàn ká èjìká, kò ní dójú lé ibì kan.

Ṣakabùlà, ìbọn gígùn olókùúta-ìṣáná tí wọ́n ń rọ ní Birmingham àti Liège fún òwò, ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ará Pobè àti Sakété, ní orílẹ̀-èdè Benin òní, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀tù ìgbà náà kò sì ní agbára kan náà lójoojúmọ́, nítorí náà ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣẹ́gun ìtìsẹ́yìn, kì í ṣe igi: láti ìbàdí ni ọ̀pọ̀ ti ń yìnbọn. Àwọn òyìnbó tó rí àwọn ọmọ ogun ìjọba Dahomey, àwọn kan náà tó pa ìlú Kétu run ní ọdún 1886, kọ irú ìyìnbọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì kà á sí àìmọ̀. Ìdájọ́ wọn kò tọ́ tán, nítorí pé ìbọn tí irin rẹ̀ lè bẹ́ kì í ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń yìnbọn láti ìbàdí kò lè fojú sun ohun tó ń yìn dáadáa.

Ní ọdún 1890, àdéhùn Brussels ka ìbọn ìgbàlódé léèwọ̀ ní Áfíríkà láàárín ìlà ìbú (latitude) ogún àríwá àti ìlà ìbú méjìlélógún gúúsù, ó sì fi ìbọn olókùúta-ìṣáná sílẹ̀. Nígbà náà, ìbọn Lebel tí Faransé ṣe ní ọdún 1886, tó ń lo ẹ̀tù aláìléèéfín, ti wà lọ́wọ́ ọmọ ogun rẹ̀. Rọ́bà tó ń dín ìtìsẹ́yìn kù sì ti wà lẹ́yìn ìdí ìbọn àwọn ọdẹ ọlọ́rọ̀ ní London. Àdéhùn Brussels yìí wà lára ohun tó fà á tí ṣakabùlà fi ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí, aládùúgbò Pobè, nígbà tí wọ́n kọ ìjọba Faransé ní ọdún 1914 àti 1915. Àwọn ọ̀dọ́ tí Faransé fi agbára mú wọ iṣẹ́ ológun ní àkókò náà, àwọn tí kò sá kọjá ààlà sí Nàìjíríà, ni wọ́n kọ́ bí a ṣe ń fi èjìká gba ìtìsẹ́yìn.

Lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ àti gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú ni àtúnṣe gidi ti wáyé, nítorí ìbọn tí wọ́n ṣe fún ọdẹ kan ṣoṣo lè bá gígùn apá rẹ̀ mu, èyí tí ìbọn òwò kò lè ṣe. Igi líle ni wọ́n ń gbẹ́, tó máa ń fi ìwúwo kún ìbọn, wọ́n sì ń fi awọ ẹran dì í lọ́rùn kí ìtìsẹ́yìn má baà là á. Síbẹ̀, ẹ̀tù tí ọdẹ bá fi òṣùwọ̀n rọ sínú irin ló ń pinnu ìyà tí èjìká máa jẹ.