Aninilára àti Ọlọ́kàn Tútù: Ẹ̀kọ́ Bíbélì lórí Ìdájọ́ Ọlọ́run

Nínú Bíbélì, ìnilára ni kí alágbára fi agbára rẹ̀ gba ẹ̀tọ́ ẹni tí kò ní olùgbèjà: ilẹ̀ rẹ̀, owó iṣẹ́ rẹ̀, òmìnira rẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀mí rẹ̀ pàápàá. Ọba lè jẹ́ aninilára, adájọ́ lè jẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́jà tó ń yí òṣùwọ̀n àti olóko tó ń jẹ alágbàṣe lówó. Opó, ọmọ òrukàn, àlejò àti tálákà ni ìwé náà sábà máa ń dárúkọ pé ìyà náà ń jẹ. Ẹ̀kọ́ tí àwọn Kristẹni ń fà yọ níbẹ̀ ni pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ń gba ẹjọ́ ẹni tí kò lẹ́nìkan rò, àti pé ọkàn tútù kò ní kí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ panu mọ́.

Ọ̀rọ̀ Hébérù tí Bíbélì Yorùbá pè ní ọlọ́kàn tútù, ʿanaw, àti ʿani, tó túmọ̀ sí tálákà tàbí ẹni ìyà, orísun kan náà ni wọ́n ti wá. Ẹni tí ayé ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, síbẹ̀ tí kò fi ibi san ibi, ni Sáàmù 37 ń bá sọ̀rọ̀. Bí álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù ṣe tò ni wọ́n ṣe to sáàmù náà, ohùn arúgbó tó ti rí ayé ló sì gbé e jáde. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ṣèlérí pé ilẹ̀ yóò di ogún fún àwọn tó dúró de Ọlọ́run. Ìlérí yìí ni Jésù mú lò nínú Ìwàásù Orí Òkè, nínú Mátíù orí 5. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ sáàmù náà, àwọn alágbára sì ń gba oko lọ́wọ́ irú wọn. Létí wọn, ilẹ̀ tí a ń gbin ọkà sí gan-an ni ìlérí náà ń sọ.

Ìwé Nọ́ńbà orí 12 pe Mósè ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ tutù ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Mósè yìí kan náà ló dúró níwájú Fáráò, ọba Íjíbítì. Jésù náà pe ara rẹ̀ ní ọlọ́kàn tútù, ṣùgbọ́n ó lé àwọn onípàṣípààrọ̀ owó kúrò nínú tẹ́ńpìlì, nígbà tí wọ́n sì gbá a létí níwájú àlùfáà àgbà, ó bi ẹni tó gbá a léèrè ìdí tó fi gbá òun. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ Bíbélì pa ẹni tí ìyà ń jẹ lẹ́nu mọ́ kò tíì ka ìwé náà dé ibẹ̀ yẹn.

Ìnilára tó kọ́kọ́ gbalẹ̀ nínú Bíbélì ni ti Íjíbítì. Nínú Ẹ́kísódù orí 5, Fáráò dẹ́kun fífún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní koríko tí wọ́n fi ń ṣe bíríkì, kò sì dín iye bíríkì tó ń béèrè kù. Ìrántí ìyà yìí ni ìdí tí òfin Mósè fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ aláìní. Ẹni tó bá gba aṣọ àwọ̀lékè tálákà ṣe ògò gbọ́dọ̀ dá a padà kí oòrùn tó wọ̀, nítorí òun ló ń fi bora sùn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gba ọlọ ṣe ògò, torí òun ni wọ́n fi ń lọ ohun tí wọn yóò jẹ. Owó alágbàṣe kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Ní gbogbo ọdún àádọ́ta, gẹ́gẹ́ bí Léfítíkù orí 25 ṣe là á sílẹ̀, kí ilẹ̀ tí ìṣẹ́ mú kí ìdílé tà padà sọ́wọ́ wọn.

Ìtàn Nábótì ará Jésírẹ́ẹ́lì, nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 21, ló fi ojú aninilára hàn jù. Áhábù ọba fẹ́ sọ ọgbà àjàrà ọkùnrin yìí di ọgbà ẹ̀fọ́ nítorí pé ó wà lẹ́bàá ààfin. Ó ní òun yóò san owó, tàbí kí òun fún un ní ọgbà tó dára ju ìyẹn lọ. Nábótì kọ̀, nítorí ogún bàbá rẹ̀ ni. Ẹni tó bá mọ ohun tí ilẹ̀ ẹbí jẹ́ kò ní béèrè ìdí. Ọba wọlé, ó dùbúlẹ̀, ó yí ojú padà, kò jẹun. Ìyàwó rẹ̀, Jésíbẹ́lì, kọ lẹ́tà, ó lu òǹtẹ̀ ọba, ó ní kí àwọn àgbà ìlú kéde ààwẹ̀, kí wọ́n wá ẹlẹ́rìí èké méjì. Wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run àti ọba kàn án, wọ́n sì sọ ọ́ lókùúta pa. Òǹtẹ̀ wà, ẹlẹ́rìí wà, ààwẹ̀ wà. Gbogbo rẹ̀ bá òfin mu lójú. Inú ọgbà náà gan-an ni wòlíì Èlíjà ti ká Áhábù mọ́. Nígbà tí ọba rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, Ọlọ́run sún ìyà ilé rẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà, ọ̀gágun Jéhù pa Jórámù, ọmọ Áhábù, ó sì ní kí wọ́n ju òkú rẹ̀ sí ilẹ̀ Nábótì.

Àwọn wòlíì tó tẹ̀ lé e kò rẹ ohùn sílẹ̀. Ámósì, darandaran láti Tékóà, bínú sí àwọn tó ń ta aláìní nítorí bàtà, Míkà sì dá àwọn tó ń gbèrò lórí ibùsùn bí wọn yóò ṣe gba oko oníoko lẹ́bi. Nínú Nehemáyà orí 5, èlé ti mú kí àwọn òbí fi ọmọ wọn sẹ́rú nítorí gbèsè, ìyà tí Yorùbá tó mọ ìwọ̀fà lè fojú inú rí. Nehemáyà pe àwọn ọlọ́lá jọ ní gbangba, wọ́n sì ṣèlérí láti dá oko, ilé àti èlé padà.

Nínú Májẹ̀mú Tuntun, Jákọ́bù kọ̀wé pé owó tí wọn kò san fún àwọn tó kórè oko ń ké, Ọlọ́run sì ti gbọ́. Ọ̀nà ìrònúpìwàdà sì ṣí sílẹ̀ fún aninilára: Sákéù, olórí agbowó òde, ní ìlọ́po mẹ́rin ni òun yóò san padà fún ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ. Ẹkún nìkan kò tó.

Ìbéèrè tó le jù ni ti ìdájọ́ tó ń pẹ́. Nínú ìwé Oníwàásù, òǹkọ̀wé rí omijé àwọn tí a ń ni lára, kò sì rí olùtùnú fún wọn. Ásáfù, nínú Sáàmù 73, fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ ṣubú nígbà tó rí i bí ara ṣe ń dẹ àwọn ènìyàn búburú. Nínú Ìfihàn orí 6, àwọn tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́ ṣì ń béèrè ìgbà tí a ó gbẹ̀san ẹ̀jẹ̀ wọn. Bíbélì kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn wí pé wọ́n béèrè. Pọ́ọ̀lù ní kí ẹ̀san wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí onígbàgbọ́ má ṣe é fúnra rẹ̀.

Ìjọ ti pa ẹ̀kọ́ nípa ìnilára yìí mọ́ nígbà mìíràn, ó sì ti ta á nígbà mìíràn. Ní ọdún 390, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Theodosius, olú-ọba Róòmù, pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Tẹsalóníkà, Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Milan, kọ̀ láti fún olú-ọba náà ní ara Olúwa àfi tó bá ronú pìwà dà. Ambrose yìí náà kọ odidi ìwé kan lórí Nábótì láti fi bá àwọn olówó ìgbà rẹ̀ wí. Ní El Salvador, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Óscar Romero sọ fún àwọn sójà pé kí wọ́n má ṣe gba àṣẹ láti pa ènìyàn. Ní ọjọ́ kejì, 24 oṣù kẹta 1980, wọ́n yìnbọn pa á nídìí pẹpẹ.

Ṣùgbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1807, wọ́n tẹ Bíbélì kan jáde fún àwọn ẹrú inú erékùṣù Karibéánì tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yọ ìtàn ìdáǹdè kúrò ní Íjíbítì sọnù nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ibi tó ní kí ẹrú gbọ́ràn sí olówó rẹ̀ sílẹ̀. Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, ló wá ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Nígbà tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, Ẹ́kísódù pé nínú rẹ̀.