Indonésíà: Iléèwé ti dé àdúgbò, kí ló dé tí ọmọ mìíràn kò fi lè kàwé dé òpin?

Ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tó bá pé ọdún méje ní Indonésíà ló ń wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun kékeré ní orílẹ̀-èdè tí erékùṣù rẹ̀ lé ní 17,000, tí ìkànìyàn ọdún 2020 sì fi hàn pé àwọn èèyàn ibẹ̀ tó mílíọ̀nù 270. Àwọn tó kù sẹ́yìn ni àwọn ọmọ tí kò dúró dé òpin, àti àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn dópin síbẹ̀ bí wọ́n bá ti ṣe kíláàsì kẹfà tán. Ohun tó sì sábà máa ń fà á, inú ilé àti àárín àwùjọ ló ti ń wá.

Ìjọba kò fọwọ́ lẹ́rán. Láti ọdún 1973, Ààrẹ Suharto fi owó epo rọ̀bì kọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lé ní 61,000 láàárín ọdún díẹ̀. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé Esther Duflo, tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019, ṣe ìwádìí lórí ètò náà, ó sì rí i pé àwọn ọmọ tó jàǹfààní rẹ̀ kàwé sí i, owó tó ń wọlé fún wọn sì pọ̀ sí i nígbà tí wọ́n dàgbà. (Àsìkò tí owó epo ń wọlé yìí náà ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ jákèjádò ilẹ̀, lọ́dún 1976.) Ní 1984, Indonésíà sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́fà di dandan, ní 1994, ó sọ ọ́ di ọdún mẹ́sàn-án.

Ọwọ́ ọmọ nínú oko

Bí kò bá tilẹ̀ sí owó iléèwé, aṣọ funfun òun pupa tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń wọ̀ wà níbẹ̀, bàtà wà, owó ọkọ̀ wà. Síbẹ̀, ohun tí ìdílé mìíràn ń rò jù ni iṣẹ́ tí ọmọ náà ìbá bá wọn ṣe. Ní ìlà oòrùn Java àti ní erékùṣù Lombok, àwọn ọmọdé máa ń bá òbí wọn ṣiṣẹ́ nínú oko tábà. Ìwádìí tí àjọ Human Rights Watch gbé jáde lọ́dún 2016 ṣàlàyé bí oró inú ewé tábà tútù ṣe ń gba awọ ara wọlé, tó sì ń fa èébì àti òòyì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kúrò ní iléèwé. Kí wọ́n tó lọ tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá dé ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Kò yẹ kí a sáré bú òbí bẹ́ẹ̀: àgbẹ̀ tí kò lówó alágbàṣe, ọmọ rẹ̀ ni alágbàṣe rẹ̀.

Òbí wà lókè òkun

Láti Lombok yìí kan náà, ọ̀pọ̀ òbí ń lọ ṣiṣẹ́ ní Màléṣíà tàbí Saudi Arabia, wọ́n sì ń fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá àgbà. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lè ra ìwé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó ti ọmọ nídìí iṣẹ́ àmúrelé? Èdè tí wọ́n ń sọ ní orílẹ̀-èdè náà lé ní 700. Èdè Indonésíà ni ti iléèwé, ó sì lè má jẹ́ èyí tó yọ̀ mọ́ ìyá àgbà lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ ìwé tún wà. Yìgì tí wọ́n so lọ́dọ̀ àáfà láì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba máa ń mú kí ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ nira láti gbà.

Ọmọbìnrin

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin, Indonésíà máa ń ṣe àyájọ́ ìbí Kartini, ọmọ ìjòyè Java tí wọ́n bí lọ́dún 1879. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 12, wọ́n mú un kúrò ní iléèwé, wọ́n sì sé e mọ́lé gẹ́gẹ́ bí àṣà, títí di ìgbà tí yóò fi lọ́kọ. Àṣà ìsémọ́lé yẹn ti kọjá lọ. Ìgbéyàwó àìtọ́jọ́ kò tíì kọjá. Òfin ọdún 1974 gbà kí ọmọbìnrin lọ́kọ ní ọmọ ọdún 16, kó tó di pé àtúnṣe ọdún 2019 sọ ọ́ di 19 fún tọkùnrin tobìnrin. Síbẹ̀, òbí ṣì lè lọ tọrọ àyè ní ilé ẹjọ́.

Àwọn tó bẹ̀rù ìwé

Nínú igbó Jambi ní erékùṣù Sumatra ni àwọn Orang Rimba ń gbé. Nígbà tí Butet Manurung dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́dún 1999 láti kọ́ àwọn ọmọ wọn ní mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà, àwọn àgbà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ìwé lòdì sí àṣà. Ìfura wọn ní ìdí: àwọn tó mọ̀wé ti gbé ìwé wá rí, àwọn aráalé ti tẹ̀ka sí i láì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ sì ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ọ, nítorí wọ́n fẹ́ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fúnra wọn.

Obìnrin náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá àjọ Sokola sílẹ̀ lọ́dún 2003. Ní 2014, ó gba ẹ̀bùn Ramon Magsaysay. Iléèwé ìjọba ń fẹ́ kí ọmọ wà lójú kan. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá kú láàárín àwọn Orang Rimba, gbogbo ẹbí a kó kúrò níbẹ̀ lọ sí apá ibòmíràn nínú igbó. Melangun ni wọ́n ń pè é. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kí ẹ̀kọ́ máa bá a lọ ní láti di ẹrù tirẹ̀ náà, kí ó tẹ̀ lé wọn.