Bí Ìfẹ̀jẹ̀tọrẹ Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Camberwell



Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ pe ọ̀rọ̀ méjì yìí sókè: ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ni ohun pupa tó ń ṣàn nínú ara wa. Ẹ̀jẹ́ ni ìlérí tí ènìyàn ṣe níwájú Ọlọ́run. Àmì ohùn kan péré ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ ṣọ́ra! Ẹ̀jẹ̀ ni tòní.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń gbé ní gúúsù London mọ Camberwell àti Peckham, níbi tí mọ́mì ti ń ra iṣu àti ata rodo. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1921, ilé ìwòsàn King's College Hospital ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Red Cross ti Camberwell: aláìsàn kan nílò ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Percy Oliver, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, àti àwọn mélòó kan gbéra, ó di ilé ìwòsàn. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni ṣáá ni a lè fún ẹlòmíràn. Karl Landsteiner, dókítà ará Austria, ti fi hàn ní 1901 pé oríṣiríṣi ni ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ti nọ́ọ̀sì kan, Sister Linstead, ló bá ti aláìsàn mu. Òun ló fún un.

Lásìkò yẹn, ilé ìwòsàn kì í tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pamọ́. Ẹni tó fẹ́ fún ni ní láti wá fúnra rẹ̀, ọ̀sán tàbí òru. Oliver bá kọ orúkọ àwọn tó ṣe tán láti wá nígbàkígbà sílẹ̀, pẹ̀lú oríṣi ẹ̀jẹ̀ wọn. Ilé rẹ̀ ló fi ṣe ọ́fíìsì, ìyàwó rẹ̀ sì ń ràn án lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó gba kọ́bọ̀. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí: ìwé orúkọ kan àti tẹlifóònù kan, ó tán! Oliver kú ní 1944. Àmì aláwọ̀ búlúù wà lára ilé rẹ̀ ní Colyton Road, Peckham Rye. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó.

Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ bí ó ti máa ń rí nílé. Wọ́n á ní kí ẹbí aláìsàn wá ẹ̀jẹ̀ wá. Bí ti ẹbí kò bá bá a mu, wọ́n á wá ẹni tó ń tà á. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa kì í fi í lọ, àfi bí ara ilé ẹni bá ń ṣàìsàn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ tó ní sickle cell, tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Púpọ̀ nínú wọn ń gba ẹ̀jẹ̀ léraléra, ó sì gbọ́dọ̀ bá tiwọn mu dáadáa. Oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní Ro: ó ṣọ̀wọ́n lára òyìnbó, ó pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, òun sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn nílò. Àwa tó ní i kò tíì pọ̀ tó nínú àwọn tó ń fún ni.

Ní England, ẹni tó ti pé ọdún 17, tí ara rẹ̀ le, lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Kò tó ìdajì lítà tí wọ́n ń gbà. Ọkùnrin lè padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, obìnrin lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò tíì pé 17, ẹ bi mọ́mì àti dádì lálẹ́ òní: oríṣi ẹ̀jẹ̀ wo ni wọ́n ní? Kì í ṣe AA tàbí AS o, ìyẹn yàtọ̀. Kí ẹ sì fi Yorùbá bi wọ́n!