Yàrá Wà, Ṣùgbọ́n Kì í Ṣe Fún Yín: Mòtẹ́ẹ̀lì Monson, 1964

Tí ẹ bá fẹ́ lọ ṣe fàájì ní ìlú míì lónìí, ẹ ó mú fóònù, ẹ ó wo iye owó yàrá, ẹ ó wò ó bóyá ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, ẹ ó sì ka ohun tí àwọn tó ti sùn níbẹ̀ sọ. Ó parí. Ẹ ò ní rò ó pé ẹ lè dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú owó lọ́wọ́, kí yàrá ṣófo sílẹ̀, kí wọ́n sì ní kí ẹ máa lọ nítorí pé ẹ dúdú. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn. Ìlú St. Augustine, ní ìpínlẹ̀ Florida, ni ìtàn tòní ti wá.

Ìlú ìgbafẹ́ ni. Àwọn ará Sípéènì ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1565, nítorí náà ní 1964 ìlú náà ti ń múra sílẹ̀ fún ayẹyẹ 400 ọdún. Òkun wà níbẹ̀, odi àtijọ́ wà níbẹ̀, mòtẹ́ẹ̀lì sì wà káàkiri. Ní California, ní 1925, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá orúkọ náà, mòtẹ́ẹ̀lì: hòtẹ́ẹ̀lì onímọ́tò. O gbé mọ́tò rẹ síwájú ilẹ̀kùn yàrá rẹ, o sanwó tí kò tó ti hòtẹ́ẹ̀lì ńlá, o sùn, o sì bá tìrẹ lọ ní àárọ̀. Adúláwọ̀ lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, ó lè se oúnjẹ níbẹ̀. Kò kàn lè sùn níbẹ̀ ni.

Ibo wá ni wọ́n ń sùn? Láti 1936, Victor Hugo Green, ọkùnrin kan tó ń gbé ní Harlem, tó sì ń pín lẹ́tà, ń tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n ń pè ní Green Book. Ẹ rò ó bíi ápù tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà: àdírẹ́sì hòtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ àti ilé àwọn èèyàn tó lè gba adúláwọ̀ sílé. Ní St. Augustine fúnra rẹ̀, àdúgbò Lincolnville ni àwọn adúláwọ̀ ń gbé, ibẹ̀ ni àlejò sì ń dé sí. Frank Butler, oníṣòwò adúláwọ̀ kan, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ etíkun láti 1927 kí àwọn èèyàn rẹ̀ náà lè ríbi lúwẹ̀ẹ́. Ìyẹn wú mi lórí ju Green Book lọ: ọkùnrin náà ra òkun fún ara rẹ̀, ká kúkú sọ bẹ́ẹ̀.

Ní 1964, Robert Hayling, dókítà eyín tó ń léwájú ìjàkadì náà ní ìlú yẹn, pe àwọn olùrànlọ́wọ́ láti ìta. Ní òpin oṣù kẹta, ọlọ́pàá mú Mary Peabody, ìyá gómìnà Massachusetts, òyìnbó ẹni ọdún 72, nítorí pé ó jókòó pẹ̀lú àwọn adúláwọ̀ láti jẹun nínú mòtẹ́ẹ̀lì kan. Ìròyìn náà kárí ayé. Martin Luther King wá lẹ́yìn náà. Ní June 11, ó dé orí àtẹ̀gùn mòtẹ́ẹ̀lì Monson, ó ní òun fẹ́ jẹun. James Brock, tó ń bójú tó ibẹ̀, kọ̀. Ọlọ́pàá mú King.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, June 18, ni ohun tí ayé ò gbàgbé ṣẹlẹ̀. Àwọn òyìnbó méjì lára àwọn ajàjàgbara ti sanwó yàrá ní Monson. Wọ́n ní àwọn adúláwọ̀ wọ̀nyí, àlejò àwọn ni, gbogbo wọn sì kó sínú omi ìlúwẹ̀ẹ́. Inú bí Brock. Ó gbé gálọ́ọ̀nù ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ púùlù, ó ń dà á sínú omi níbi tí àwọn èèyàn wà. Omi pọ̀ ju ásíìdì lọ, kò jó wọn lára, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú wọn nínú fọ́tò náà, ẹ ó gbọ́ igbe. Ọlọ́pàá kan bẹ́ sínú omi láti lọ mú wọn. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n mú rábì 16 tó wá láti bá wọn jà síta mòtẹ́ẹ̀lì náà.

Àwọn kan máa ń sọ pé fọ́tò yẹn ló mú kí òfin jáde. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ní June 10 ni Ilé Aṣòfin Àgbà ti fòpin sí ọ̀rọ̀ àsọ-ò-dákẹ́ tí àwọn aṣòfin gúúsù fi ń dí òfin náà lọ́nà. Ṣùgbọ́n ní June 19, nígbà tí wọ́n dìbò, 73 sí 27, fọ́tò náà wà lójú ìwé àkọ́kọ́ àwọn ìwé ìròyìn. Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu òfin náà ní July 2.

Láàárín wákàtí díẹ̀, oní-mòtẹ́ẹ̀lì kan ní Atlanta, Heart of Atlanta Motel, yàrá 216, ti gba ilé ẹjọ́ lọ: ó ní òun ló ni ilé òun, ẹni tó bá wu òun lòun máa gbà. Ẹ wo bí ilé ẹjọ́ ṣe dáhùn. Nǹkan bí 75% nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ń wá láti ìpínlẹ̀ míì. Tí adúláwọ̀ ò bá ríbi sùn lójú ọ̀nà, kò ní rìnrìn àjò, tí kò bá rìnrìn àjò, òwò láàárín ìpínlẹ̀ á dí lọ́wọ́, òwò yẹn sì wà lábẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Ní December 14, 1964, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fohùn ṣọ̀kan: kó gba gbogbo èèyàn. Ọ̀rọ̀ òwò ni wọ́n fi dá a, wọn ò fi ti iyì ọmọ èèyàn ṣe ìpìlẹ̀. Ó ṣì ń ṣe mí bákan, àmọ́ ó ṣiṣẹ́.

Brock ńkọ́? Nígbà tí òfin dé, ó gba adúláwọ̀ láyè láti jẹun. Àwọn òyìnbó tó ń pọ́n ọn lé tẹ́lẹ̀ gbé pátákó wá síwájú ilé rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó sì padà sẹ́yìn. Síbẹ̀, nínú oṣù July yẹn kan náà, wọ́n ju bọ́ǹbù petiróòlù sí ilé oúnjẹ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ò ṣe mí púpọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n rí i pé ìwọ̀nba ni òmìnira tí ẹni tó ń lé oníbàárà fún ara rẹ̀ pàápàá ní.

Wọ́n wó Monson ní 2003. Hilton ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n sì tọ́jú àtẹ̀gùn tí wọ́n ti mú King sínú ọgbà rẹ̀.