Láti Orí Ìwọ̀fà Dé Orí BVN: Bí Olówó Ṣe Ń Wọn Ẹni Tó Fẹ́ Yáwó

Bí ènìyàn bá rin ojú ọ̀nà Ọba Adésídà ní Àkúrẹ́, báńkì ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Nínú kọ̀ǹpútà àwọn báńkì yìí, wọ́n ti to oníbàárà sí ipò sí ipò, oníbàárà fúnra rẹ̀ kò sì mọ ipò tí òun wà. Ọjọ́ tó bá lọ yáwó tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe ni yóò tó mọ̀ pé wọ́n ti wọn òun. Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé kọ̀ǹpútà ló mú èyí wá. Rárá o. Ó ti pẹ́ tí olówó ti ń wọn ẹni tó fẹ́ yáwó nílẹ̀ wa. Ohun tí wọ́n ń gbé sórí ìwọ̀n ló ń yí padà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀fà. Láyé tí kò sí báńkì, ẹni tó bá yáwó lè fi ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé, kò yọ nǹkan kan kúrò nínú owó tí wọ́n yá. Títí wọn yóò fi san owó náà pé, oko olówó ni ìwọ̀fà yóò máa lọ. Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ó sì là á yé wa pé ìwọ̀fà yàtọ̀ sí ẹrú. Ìbéèrè olówó nígbà náà kò pọ̀: ọmọ ilé ta ni ọ́? Ta ni onígbọ̀wọ́ rẹ? Ṣé apá ẹni tí o mú wá ká iṣẹ́?

Bí onígbèsè kò bá san ńkọ́? Johnson náà ló sọ̀rọ̀ ológò. Olówó yóò rán an lọ dógò ti onígbèsè. Yóò jókòó sínú agbo ilé náà, yóò máa pariwo, yóò máa ki adìẹ tó bá rí mọ́lẹ̀, yóò sọ ara rẹ̀ di ìyọnu fún tọmọdé tàgbà, títí gbogbo ilé yóò fi dá owó jọ kí wọ́n lè rí i kó lọ. Àwọn òṣómàálò, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, jogún díẹ̀ nínú ọgbọ́n yìí. Orúkọ wọn gan-an ti sọ ọ́: lórí ìlóṣòó ni wọn yóò wà títí owó yóò fi jáde. Ìtìjú wà lára ohun tí olówó fi ń gba owó rẹ̀, ẹni tí kò sì ní ilé tàbí ará tí ojú yóò tì, ta ni yóò yá a lówó?

Nígbà tí kòkó gbilẹ̀ ní Oǹdó, Ìdànrè àti Ilé-Olújì, nǹkan tuntun gun orí ìwọ̀n. Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, ẹnì kan kò lè dá a tà, ṣùgbọ́n igi kòkó jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín. Nítorí náà àgbẹ̀ lè fi oko kòkó dúró fún gbèsè. Olówó yóò máa ká kòkó ibẹ̀ lọ́dọọdún, kòkó náà ni èlé rẹ̀, kò sì ní dá oko padà títí dìgbà tí owó tí ó yáni yóò pé. Àbí ẹ kò rí i pé ìwọ̀fà náà nìyẹn, àfi pé igi ló ń sìn dípò ènìyàn? Galletti, Baldwin àti Dina ṣe ìwádìí láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó Yorùbá ní 1951 sí 1952, ìwé wọn sì jáde ní 1956. Ọ̀rọ̀ gbèsè àti oko tí wọ́n fi dúró wà nínú rẹ̀ dáadáa.

Níbo ni báńkì wà ní gbogbo àkókò yìí? Bank of British West Africa ti wà ní Èkó láti 1894, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra irè oko ló kọ́kọ́ ń fún lówó. Àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú ń ráhùn pé wọn kì í ka àwọn sí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá National Bank of Nigeria sílẹ̀ ní 1933, tí Agbonmagbe Bank náà sì dé ní 1945, èyí tó di Wema ní 1969. Púpọ̀ nínú àwọn báńkì tí wọ́n dá sílẹ̀ láàárín àkókò yẹn ló wó. Òfin báńkì dé ní 1952.

Èyí tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ìjọba àmúnisìn rán C. F. Strickland láti wá wo ọ̀rọ̀ náà, ó kọ àbọ̀ rẹ̀ ní 1934, òfin sì tẹ̀lé e ní 1935. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń jókòó pinnu ẹni tí wọn yóò yá lówó, bí ẹnì kan bá sì sá lọ, ọrùn gbogbo wọn ni gbèsè wà. Wọ́n mọ ẹni tí oko rẹ̀ ń so. Wọ́n mọ ẹni tó ń mu ẹmu láàárọ̀. Kò sí fọ́ọ̀mù tó lè mọ ìyẹn. Òyìnbó pàápàá ti gbìyànjú irú rẹ̀: ní 1841, Lewis Tappan dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní New York, tí àwọn aṣojú rẹ̀ láti ìlú kéékèèké ń kọ̀wé ránṣẹ́ nípa ìwà àti ọrọ̀ oníṣòwò kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ìwọ̀n ti yí padà pátápátá fún àwa ará ìpínlẹ̀ yìí ni 1976 àti 1978. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní oṣù kejì 1976, Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú. Òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn náà, owó oṣù wọn ń gba inú báńkì kọjá, báńkì sì ń rí i. Lẹ́yìn ọdún méjì, òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ tàbí ilé dúró ní báńkì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi ìdí èyí múlẹ̀ ní 1989 nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo: báńkì tí kò gba àṣẹ yẹn, òfo ni ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Báńkì wá ń béèrè C of O lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Àgbẹ̀ Oǹdó tó ní oko kòkó ńlá lórí ilẹ̀ ẹbí kò ní in. Akọ̀wé kékeré ní Alágbàáká ní owó oṣù. Ní tèmi, ọjọ́ yẹn ni àgbẹ̀ bọ́ kúrò lórí ìwọ̀n, kì í ṣe nítorí pé kò lówó tàbí kò ṣeé fọkàn tán, bí kò ṣe pé báńkì kò rí ohun tó lè dì mú.

Lónìí ńkọ́? Ohun márùn-ún ni wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́ báńkì pé kó wò: ìwà ẹni, agbára rẹ̀ láti san, owó tí òun fúnra rẹ̀ ní, ohun tó fi dúró, àti bí ọjà ṣe rí lásìkò náà. Báńkì kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń fún èyí ní máàkì, wọn kì í sì í fi han ènìyàn. Bí wọ́n bá sì ti yá ọ lówó tán, ọjọ́ ni wọ́n ń kà. Lábẹ́ ìlànà Báńkì Àpapọ̀, gbèsè tí kò wọlé fún 90 ọjọ́ ti di aláìdára, tó bá di 180 ọjọ́ ó ti di oníyèméjì, tó bá pé 360 ọjọ́ wọ́n kà á sí èyí tó sọnù. Báńkì gbọ́dọ̀ ya owó tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún un: ìdá 10, ìdá 50, títí dé ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí tí máníjà fi ń pè ọ́ lemọ́lemọ́ bí 90 ọjọ́ bá ń sún mọ́lé nìyẹn.

Ẹni tí kò tilẹ̀ yáwó rí náà wà lórí ìwọ̀n. Láti 2013 ni wọ́n ti pín àkáǹtì sí ìpele mẹ́ta, ẹni tí ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ wà ní ìpele àkọ́kọ́, iye tó lè gbà wọlé sì ní òdiwọ̀n. Wọ́n tún ń pín oníbàárà sí eléwu kékeré, eléwu díẹ̀ àti eléwu ńlá. Àwọn olóṣèlú wà nínú àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ jù, ẹ má ṣe jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín.

BVN dé ní 2014, ó sì so gbogbo àkáǹtì ènìyàn kan pọ̀. Òfin ìròyìn gbèsè tẹ̀lé e ní 2017. Nípa báyìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní báńkì kan ti lè di mímọ̀ ní òmíràn nípasẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ bíi CRC, tó ń kó ìtàn gbèsè jọ, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di nọ́ńbà, irú èyí tí Bill Fair àti Earl Isaac dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún ní Amẹ́ríkà ní 1956. Ní 2020, Báńkì Àpapọ̀ mú GSI wá: bí o bá jẹ báńkì kan ní gbèsè, ó lè gba owó rẹ̀ nínú àkáǹtì rẹ tó wà ní báńkì mìíràn. Ológò ti padà dé, àfi pé kò pariwo mọ́. Àwọn áàpù ayánilówó kan ni kò jẹ́ kí ariwo parẹ́, tí wọ́n ń fi orúkọ onígbèsè ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù rẹ̀, títí àjọ FCCPC fi gbé ìlànà jáde lórí wọn ní 2022.

Wàyí o, ẹ wo ìyá kan tó ń ta ata ní ọjà Oǹdó, tó ti ń dá àjọ láti ọgbọ̀n ọdún, tí kò pa ọjọ́ kan jẹ. Alájọ mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìsọ̀ mọ̀ ọ́n. Lójú báńkì, kò ní ìtàn kankan, ẹni tí kò sì ní ìtàn kì í sábà jìnnà sí ẹni tí ìtàn rẹ̀ burú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó yá ₦5,000 lórí áàpù tó sì gbàgbé láti san án ní ìtàn tirẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ yáwó kọ́lé. Òfin 2017 yẹn fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, kó sì ní kí wọ́n tún un ṣe bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀. Ní ti ìyá aláta, káàdì àjọ rẹ̀ ni ẹ̀rí tó ní, fọ́ọ̀mù báńkì kò sì tíì ní àyè tí wọ́n ti ń béèrè fún un.