Ẹrù Orí Alùpùpù

Nígbà tí Theresa Wallach àti Florence Blenkiron dágbére fún ìlú London ní ọjọ́ 11, Oṣù Kejìlá, ọdún 1934, tí wọ́n ní alùpùpù Panther ni àwọn yóò gùn dé Cape Town ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ká ẹni tó gbọ́ lára, ní tèmi, kì í ṣe ti kìnnìún tàbí ti ibà bí kò ṣe ti ẹrù: níbo ni ènìyàn méjì yóò kó aṣọ, oúnjẹ, omi, epo, àgọ́ àti irin iṣẹ́ sí lórí ohun tí kò ju ìjókòó àti táyà lọ?

Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i ni pé wọ́n so ọkọ̀ kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù náà, wọ́n sì so tírélà mọ́ ọn nídìí. Lójú ọ̀nà tó dán, ọgbọ́n tó dára ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ Sàhárà, òkun tí kò lómi, iyanrìn a-mú-alágbára-kúnlẹ̀, ẹrù tó ti ń tẹ̀lé wọn wọ́ọ́rọ́wọ́ di ọ̀tá wọn, nítorí pé táyà ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ ń gbẹ́ poro tirẹ̀ lọ́tọ̀, tírélà ń fà wọ́n sẹ́yìn, bí wọ́n bá sì ti rì, àfi kí wọ́n tú ẹrù sílẹ̀, kí wọ́n wa iyanrìn, kí wọ́n ti alùpùpù jáde, kí wọ́n sì tún ẹrù náà dì láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kó, wọn kò mú kọ́ńpáàsì dání. Ẹ́ńjìnnì 600cc náà kọṣẹ́ kí wọ́n tó dé ìlú Agadez. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tò ó padà, iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì tí Wallach kọ́ sì wúlò ju ẹrù tírélà lọ.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé Kánò, ìlú tó mọ ẹrù dì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onírakunmí ti ń kó iyọ̀, awọ àti aṣọ la aṣálẹ̀ kan náà já, òfin wọn kò sì yẹ̀: ìdajì ẹrù ní ọ̀tún, ìdajì ní òsì, nítorí bí ẹrù bá gbè sí apá kan, ẹ̀yìn ẹran yóò bó. Òfin yìí náà ni ti àpótí méjì tí alálùpùpù ń so kọ́ lónìí: ohun tó wúwo, bí irin iṣẹ́, a wà nísàlẹ̀, nítòsí ẹ́ńjìnnì, aṣọ tí a ti ká róbótó a wà lókè, ẹ̀wù òjò ni a ń fi sí i kẹ́yìn pátápátá, nítorí òun ni a óò kọ́kọ́ wá nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú. Aṣọ mélòó wá ni? Èyí tó wà lọ́rùn àti èyí tí a fọ̀ sá. A kì í ru ẹran erin lórí ká máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ẹni tó ti ru omi àti irin iṣẹ́ kò gbọdọ̀ tún máa wá àyè fún bàtà ijó.

Ọjọ́ 29, Oṣù Keje, ọdún 1935 ni Wallach àti Blenkiron wọ Cape Town. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Ọlábísí Àjàlá tiwa, àjò-ò-sú-u, gun Vespa la ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kọjá, ìwé rẹ̀, An African Abroad, sì jáde ní 1963. Ní 1973 ni Ted Simon, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá nìkan gun Triumph 500cc, kò so ọkọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, kò fa tírélà. Irú ẹrù tí àwọn obìnrin méjì wọ̀nyí wọ́ la iyanrìn já, òun pín in sí ẹ̀gbẹ́, sí ẹ̀yìn àti sí orí táǹkì epo, ó sì fi ọdún mẹ́rin yí ayé ká.