Ìwúwo Àìlómi àti Àwọn Ọ̀rọ̀ Mìíràn fún Kábọ́nì Inú Igi

Ìmọ̀ tó ń ṣírò bí igi inú igbó ilẹ̀ olóoru ṣe wúwo tó, àti iye kábọ́nì tí ó pa mọ́ sí ara rẹ̀, kò tíì ní ọ̀rọ̀ ìperí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní èdè Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń sọ èdè náà ti ń fi igi ṣòwò lórí ọ̀sà Èkó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onígẹdú fi ń so ìtì igi pọ̀ láti igbó Oǹdó àti Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ń fi omi gbé e wá sí Oko Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta, ní òdìkejì omi sí Ìsàlẹ̀ Èkó, kí wọ́n tó là á sí pákó. Orúkọ tí wọ́n ń pe igi náà ti wọ ọjà òkèèrè, débi pé ìrókò, afàrà àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni àwọn oníṣòwò pákó ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá ń pè wọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn onígẹdú, nígbà náà, ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ lọ, kó tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá ni bí igi ṣe wúwo tó bí kò bá sí omi kankan lára rẹ̀ mọ́, nítorí pé omi kò ní kábọ́nì nínú, ó sì ń pọ̀, ó ń dín, láti igi dé igi àti láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu ni “ìwúwo igi gbígbẹ”, ṣùgbọ́n yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà, nítorí igi tó ti kú, tí wọ́n ń ṣẹ́ fún ìdáná, ni Yorùbá ń pè ní igi gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ igi tútù tó wà lórí ìdúró ni wọ́n ń ṣírò. “Ìwúwo àìlómi” sàn jù ú lọ: ó dárúkọ ohun tí wọ́n yọ kúrò, kò sì pa igi náà. Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n ń ki ègé igi sínú ààrò tó gbóná tó ìwọ̀n 105 lórí òṣùwọ̀n Celsius, títí tí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní dín mọ́.

Kò sí ẹni tó lè gé gbogbo igbó lulẹ̀ kó lè gbé e lé òṣùwọ̀n. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọn bí ìtì igi ṣe nípọn tó ní mítà 1.3 sókè láti ilẹ̀, níbi tó bá àyà ènìyàn dọ́gba; “ìdábùú ọ̀gangan-àyà” lè jẹ́ orúkọ rẹ̀. Téèpù ni wọ́n ń fi yí ìtì po, wọ́n á sì fi 3.14 pín ìyíká náà kí ìdábùú lè jáde. Níbi tí gbòǹgbò pẹlẹbẹ bá ti gun ìdí igi sókè, bí ti àràbà, òkè gbòǹgbò náà ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, nítorí náà, ó pọn dandan kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà sọ pé ọ̀gangan náà lè yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù lọ ni ti bí ara igi ṣe ki tó, èyí tí àròkọ yìí dábàá pé kí á pè ní “ìki igi”. Ìwúwo kọ́ ni ìki: igi ńlá lè wúwo kí ara rẹ̀ má ki, igi kékeré sì lè ki kó má wúwo. Ó ti pẹ́ tí àwọn onígẹdú ti mọ èyí lórí omi, nítorí arère ń léfòó, ṣùgbọ́n ẹkì tútù ń rì, àfi tí wọ́n bá so ó mọ́ igi tó ń léfòó. Ní ọdún 2014, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jérôme Chave àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo igi 4,004 tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì ti wọ̀n ní ojúkò 58 káàkiri ilẹ̀ olóoru, wọ́n sì gbé ìdọ́gba kan jáde tó ń fi ìki, ìdábùú àti gíga ṣírò ìwúwo àìlómi. Bí arère àti ẹkì bá jọ ga ní mítà 30, tí ìdábùú àwọn méjèèjì sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ìdọ́gba náà yóò fún arère tí ìki rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 0.33 nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan ní nǹkan bí kílò 1,870, yóò sì fún ẹkì tí ìki rẹ̀ jẹ́ 0.90 ní nǹkan bí kílò 4,970. Ẹni tó bá lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ìki àti ìwúwo kò lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí láé. Ìdọ́gba irú èyí, tó ń wo bí ẹ̀yà ara kan ṣe ń bá gbogbo ara dàgbà, ni “ìdọ́gba ìbáradàgbà” bá mu.

Ní ti kábọ́nì, àwọn kan lè fẹ́ lo èédú, nítorí kábọ́nì ló pọ̀ jù nínú èédú. Èyí kò yẹ. Èédú jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi sínú àpò tà, òǹkàwé sì lè rò pé igbó gbọ́dọ̀ jóná kí kábọ́nì tó wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kábọ́nì jẹ́ kábọ́nì. Ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo àìlómi ni wọ́n sábà máa ń kà sí kábọ́nì, wọ́n sì ń fi 44 sọ ọ́ di púpọ̀, kí wọ́n tó fi 12 pín in, bí wọ́n bá fẹ́ mọ iye gáàsì kábọ́nì dayọ́ksáìdì tí igi náà ti gbà nínú afẹ́fẹ́. Kábọ́nì tó ti wà nílẹ̀ ni “ìpamọ́ kábọ́nì”. Èyí tí igi ń fà wọlé lọ́dọọdún ni “ìfàmọ́ra kábọ́nì”. Oníṣòwò ọjà Balógun tó mọ ojú owó yàtọ̀ sí èrè kò ní da méjèèjì rú.

Ìpamọ́ kò sì pin sí ara igi. Nínú igbó ẹ̀gbà tó wà létí ọ̀sà, inú ẹrẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú kábọ́nì wà. “Igbó ẹ̀gbà” ló yẹ kí wọ́n máa kọ, kì í ṣe “àbàtà”, nítorí ibà ni àbàtà ń rán ènìyàn létí ní erékùṣù Èkó, níbi tí Gómìnà William MacGregor, tó ṣàkóso láti 1899 sí 1904, ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí àbàtà nítorí àìsàn náà.

Iṣẹ́ ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ báyìí ní àwòkọ́ṣe. Iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ọmọ Èkó, ṣe agbátẹrù rẹ̀, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 pèsè ọ̀rọ̀ ìperí fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Kí àwọn tó bá máa ṣe ti igbó gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn alápákó àti àwọn apẹja kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì yọ èyíkéyìí tí àwọn wọ̀nyẹn kò bá lè lò láàárín ara wọn.